Obìnrin Tó Máa Ń Dúró De Fọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ìka kan ṣí fíìmù, tí ẹ tún ń fi ìka kan náà pa á kí òṣèré tó kí ìyá ọkọ rẹ̀ tán, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Kì í ṣe ìbáwí. Bó bá jẹ́ ìbáwí ni, ẹ ó ti gbọ́ ọ láti Nunhead, nítorí Ọlọ́run kò fún mi ní ìwé púpọ̀ ṣùgbọ́n ó fún mi ní ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ ọ̀fun náà ni mo fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ti kó ẹrù Aunty Ìbídùn kúrò ní ilé gogoro Aylesbury ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí n kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi ni màá máa sọ ọ́ fún, wọn kò sì ní padà wá mọ́.

Ọṣẹ dúdú ni mo ń tà báyìí, òun àti òrí àti kànhìnkànhìn, ní àyè tóóró kan ní Rye Lane, ní Peckham nílùú London, láàárín ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe àti obìnrin tó ń lẹ èékánná. Ẹ lè wò mí kí ẹ rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà kan, odidi ṣọ́ọ̀bù ni mo ní, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló sì kún un láti ilẹ̀ dé àjà. Ohun dúdú gbàgùdù kan ni, ó tó ìdajì búrẹ́dì. Ẹ ó tì í sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gbé e mì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hùn bí ológbò tó yó. Bí fíìmù bá parí, ẹ ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á máa ké fììì títí á fi dún kàá. Ẹni tó bá mú kásẹ́ẹ̀tì wá fún mi láì dá a sí ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé màá dá òun náà padà sínú ìyá rẹ̀. Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo Peckham ń pè mí.

Sátidé ni ọjọ́ ńlá wa. Àwọn tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tọ́jú arúgbó òyìnbó, tí ẹsẹ̀ wọn ti wú, á bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n á ya ọ̀dọ̀ mi kí wọ́n tó ya ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn aláṣọ funfun á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàtà wọn nínú ọ̀rá, wọ́n á dúró ti àwọn alhaja tó ń bọ̀ láti ibi wáàsí. Kò sẹ́ni tó máa ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni bóyá ìyálé máa kú ní apá kejì.

Apá kejì yẹn ti ṣe ohun kan rí. Bàbá kan ṣèèṣì mú kásẹ́ẹ̀tì ìkómọjáde ọmọ rẹ̀ wá fún mi dípò fíìmù tó yá. Èmi náà kò wò ó, mo fi yá obìnrin kan láti Catford. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin náà dé, ó ní, "Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì, fíìmù yẹn dára o, òṣèré inú ẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo wá gba apá kejì." Mo ní kó lọ fara balẹ̀, ọmọ náà kò tíì hu eyín.

Mo ní tẹlifíṣọ̀n kan lórí káńtà tí kì í sinmi, èmi náà kì í sinmi lórí ẹ̀. Gbogbo òṣèré tó bá ti yọjú ni mo ń bá jà. Bí ẹnì kan bá ń sunkún, màá ní, "Ẹkún wo nìyẹn? Ojú gbẹ bíi gàrí Ìjẹ̀bú." Bí àfẹ́sọ́nà méjì bá dì mọ́ra, màá ní kí wọ́n rọra, kí wíìgì má bọ́. Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó, wọ́n á tún yá kásẹ́ẹ̀tì méjì dípò ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnu mi ni wọ́n ń wá gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni obìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òjò ti pa á. Mo ń fi ọ̀rọ̀ bọ́ òṣèré kan láṣọ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín, obìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ló ń wò. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo fi òṣèré yẹn sílẹ̀, nítorí mo mọ ojú yẹn. Mo mọ̀ ọ́n ju ojú ìyá tó bí mi lọ.

Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Ìbídùn inú ìwé?"

Ó dúró. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ètè rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, kò sì mí. Ó tó ìgbà tí èèyàn fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni." Ohùn náà wálẹ̀, ó nípọn, bíi ti bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kí ó lè yé yín.

Kí fíìmù Yorùbá tó ń sọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, inú ìwé ni fíìmù wa wà. Abẹ́òkúta ni mo wà nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú. Ìwé pẹlẹbẹ kan máa ń jáde, fọ́tò dúdú àti funfun ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, òṣèré gidi ni wọ́n yà. Ohun tí òṣèré bá ń sọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú nǹkan roboto kan bí ẹyin, wọ́n á fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìtàn odindi nìyẹn, láìsí ariwo. Ìbídùn ni ìyàwó nínú gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń jí gbé, òun ni ìyá ọkọ ń fi májèlé sọ́bẹ̀ fún. Kò sí ojú tí kò lè ṣe. Ẹ lè mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ń parọ́ fún un kí ọkọ tiẹ̀ tó dé inú fọ́tò.

Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó, ṣùgbọ́n nínú ọmọbìnrin mẹ́jọ tó ń so àdìrẹ lágbàlá ìyá ọ̀gá wa, èmi nìkan ló lè ka nǹkan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń so, èmi á máa kà. Ọwọ́ mi kì í kan aṣọ lọ́jọ́ tí ìwé bá jáde. Ohùn líle ni mo ń lò fún ọkọ, ohùn imú fún ìyá ọkọ. Ti Ìbídùn, mo wá ohùn kan fún un tó tín-ín-rín, tó mọ́, tó máa ń gbọ̀n díẹ̀ níparí ọ̀rọ̀. Bí mo bá fi ohùn yẹn sọ pé "Kí ni mo ṣe fún yín, ẹ̀yin ènìyàn yìí," okùn á bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí, wọ́n á sunkún sórí aṣọ oníbàárà. Ìyá ọ̀gá wa ní omijé wọn ń ba aró òun jẹ́. Òun náà á sì wá jókòó.

Ẹ ò rí i pé ohùn tí mo fún un ni mo fẹ́ràn. N kò tíì gbọ́ tirẹ̀ rí.

Ní ọdún Iléyá kan, wọ́n kéde pé Ìbídùn ti wọ fíìmù, fíìmù gidi tó ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀, àti pé ọjọ́ kejì ọdún ni wọn yóò gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìlú, lọ́sàn-án, kí àwọn tọmọ-tọmọ lè wá. Èmi a máa kiri ẹ̀pà sísun lọ́jọ́ ọdún. Mo gbé atẹ mi, mo wọlé. Òórùn ẹran àgbò ṣì wà lára gbogbo èèyàn. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri, aṣọ funfun kan rọ̀ níwájú, àwọn ọmọdé ń jó níwájú rẹ̀ kí òjìji wọn lè hàn, wọ́n ń lé wọn, wọ́n ń padà wá.

Ìbídùn yọ. Ó tóbi bí ilé. Gbogbo wa pariwo orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó na ìka sí i, ó ní, "Ìbídùn, ta ló ni oyún yìí?"

Ìbídùn yí ojú sí wa. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ètè rẹ̀ là díẹ̀. Ó dúró.

Ó dúró, ó dúró. Kò sí ohun tí à ń gbọ́ ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tó fà á. Iṣẹ́ fọ́tò ló ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán á ní, "Gbé ojú náà wá," òṣèré á gbé e wá, á sé èémí, kò ní jẹ́ kí irun ojú kan yẹ̀ títí ẹ̀rọ fi máa dún. Ẹni tó bá mí ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n gbé e lọ síwájú kámẹ́rà tó ń rìn, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí fọ́tò tó dún.

N kò mọ èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbọ̀ngàn dákẹ́, atẹ ẹ̀pà wà lórí mi, ọ̀fun mi sì ń yún mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya fọ́tò rẹ̀, kó lè fèsì."

Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn àgbà di ẹ̀gbẹ́ mú. Àárín ẹ̀rín náà ni Ìbídùn wá fèsì lórí aṣọ funfun, ó ní, "Ìwọ ni." Ohùn bàbá arúgbó yẹn ló fi sọ ọ́. Àwọn ọmọbìnrin alágbàlá wa yíjú wò mí bí ẹni tó ti ń parọ́ fún wọn láti ọjọ́ yìí. Ojú tì mí. Ẹ wo irú ìtìjú burúkú tó wà nínú èèyàn: òun ló ń sọ̀rọ̀, ojú wá ń ti èmi. Inú bí mi sí i. Ìgbà tó tún dúró, mo tún pariwo, "Ẹ yà á." Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, n kò ní láti sọ ọ́ mọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń sọ ọ́ pọ̀. Ẹ̀pà mi tán kí fíìmù tó dé ìdajì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé fíìmù náà hàn ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo lọ, torí mo ti rí i pé ẹ̀rín ń ta ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ pé wọ́n ń pariwo "Ẹ yà á" ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n tún ń pariwo rẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí n kò tíì fẹsẹ̀ kàn rí. Nínú fíìmù tó tẹ̀ lé e, odi ni wọ́n fi Ìbídùn ṣe. Nínú èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, òkú ni wọ́n fi í ṣe, wọ́n sì fi aṣọ bò ó lójú. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. A kò rí i mọ́ lẹ́yìn náà.

Òun ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi ní Peckham, tí òjò pa.

Láti ibí lọ, màá máa pè wọ́n ní "wọ́n", torí ẹni inú ìwé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni Aunty Ìbídùn dà. Mo gbé àga fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Mo po tíì. Mo sọ fún gbogbo oníbàárà pé ayaba ti dé. Mo sọ̀rọ̀ ìwé náà, mo sọ̀rọ̀ àgbàlá àti omijé orí àdìrẹ. N kò mẹ́nu kan gbọ̀ngàn ìlú.

Wọ́n ń padà wá ní gbogbo Sátidé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní àwọn arúgbó òyìnbó fẹ́ràn àwọn torí pé àwọn kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n á jókòó ti hítà, wọ́n á gbé tíì lé orúnkún, wọ́n á máa wo fíìmù. Bí mo bá ń bú òṣèré, wọ́n á yí ojú sí mi fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tún yí i padà. Mo rò pé wọ́n ń gbádùn mi ni.

Nígbà kan, oníbàárà kan bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀. Wọ́n dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró, wọ́n ní, "Ẹnì kan sọ̀rọ̀ kan ní Abẹ́òkúta." Mo ní mo fẹ́ lọ gbé omi tíì, mo sì da omi gbígbóná sí ara mi lọ́wọ́. Àpá rẹ̀ nìyí. Aunty Ìbídùn ló fi òrí pa á fún mi.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bi mí dáadáa. Ọdún kìíní, mo ní wọn kò tíì mọ̀ mí tó, wọ́n lè máà padà wá. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, mo ní wọ́n ti mọ̀ mí jù. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, àwọn ni wọ́n sùn tì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aláṣọ funfun ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń jí mi kírun Àsùbáà torí wọ́n mọ̀ pé ẹkún kò ní jẹ́ kí n gbọ́ aago. Ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà sísun níbẹ̀? Mo wá fíìmù náà kiri lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń kó ọjà fún mi láti Èkó. Kì í ṣe kí n lè tà á. Mo fẹ́ rí i kí n lè bà á jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé e síwájú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Kò di kásẹ́ẹ̀tì rí. Orí mi nìkan ló kù sí, àti orí wọn.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yípadà. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo fíìmù pẹlẹbẹ dé. Pẹlẹbẹ lọ, fóònù dé. Ilé tí wọ́n ń ti gbogbo Peckham wá di ilé tí kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ àyàfi ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Aunty Ìbídùn ló bá mi kó kásẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá dúdú ní ọjọ́ tí mo kó kúrò, odidi ọ̀rá àádọ́rin. Wọ́n ń ka orúkọ òṣèré tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń jù ú sínú rẹ̀. N kò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́jọ́ yẹn.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, káńsù, ìjọba àdúgbò wa, kọ lẹ́tà sí Aunty Ìbídùn. Káńsù fẹ́ wó ilé tí wọ́n ń gbé ní Aylesbury, ó sì fẹ́ kó wọn lọ sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bùnmi ọmọ wọn, tó wà ní Glasgow, ní kò ṣeé ṣe, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Wọ́n gbà. Ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ̀ máa dé. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn mi kì í ṣe pé àárò wọn máa sọ mí. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé mo ti fẹ́ẹ̀ bọ́. Wọ́n á lọ, n kò ní sọ ọ́ mọ́, ó parí. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Zainab ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ń fi fóònù wo nǹkan bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀pà, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó ní, "Grandma, ẹ troll wọn."

Mo ní, "Kí ni troll?"

"Àwọn tó máa ń kọ ìkọkúkọ sábẹ́ fídíò èèyàn, kí àwọn yòókù lè laugh."

"Èmi ò kọ nǹkan kan. Mo ta ẹ̀pà."

"Ẹ kàn ṣe é live ni." Ó tún wò mí. "Wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì nílé wa every Eid. Ẹ sọ fún wọn, Grandma. Kí wọ́n tó lọ."

Mo ní kó má ba tèmi jẹ́ fún mi. Mo sì mọ̀ pé òtítọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀, mo ti mọ́sálásí gba Aylesbury lọ. Lífìtì kò ṣiṣẹ́. Mo gun àtẹ̀gùn, mò ń bá gbogbo ìpele jà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti fi irin dí, èèyàn ti lọ. Aunty Ìbídùn jókòó sórí àpótí láàárín yàrá òfìfo, aago ògiri nìkan ni wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

Wọ́n ní, "Ìwọ? Ọ̀kan péré?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò lọ sí ibì kankan. Mo ní, "Abẹ́òkúta. Ọjọ́ kejì Iléyá. Ẹni tó ní kí wọ́n ya fọ́tò yín kí ẹ lè fèsì. Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo gbé ẹ̀pà lórí. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni."

Wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. Ètè wọn là díẹ̀. Aago ń dún lórí wa. Láti ọdún wọ̀nyí wá, èmi ni mo ti ń kún àlàfo yẹn, n kì í jẹ́ kó pẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo pa ẹnu mi mọ́, mo dúró.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ. O ń bá tẹlifíṣọ̀n jà. Mo jókòó sáàárín yín ní gbọ̀ngàn yẹn, mo fi ìborùn bojú kí n lè gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe máa gbà mí. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn ẹ ò ṣeé gbàgbé."

Mo jókòó sílẹ̀. Kò sí àga, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń wá? Gbogbo Sátidé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí."

"Mo ń dúró."

"Kí lẹ ń dúró dè?"

"Kí o sọ ọ́." Wọ́n wo aago. "Bùnmi wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ó ti bímọ mẹ́ta."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo fi gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo mọ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì mọ̀ ọ́n púpọ̀. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, pé ohùn tí mo ti fún wọn nínú àgbàlá ni mò ń retí, pé ìgbà tí ti ara wọn jáde ni inú bí mi. Wọ́n ṣí àpótí tí wọ́n jókòó lé, wọ́n mú ìwé kan jáde nínú aṣọ, ìwé fọ́tò yẹn, etí rẹ̀ ti jẹ, wọ́n ní, "Kà á. Bí o ṣe ń kà á fún wọn."

Mo wọ awò ojú mi. Ojú ìwé tí ìyá ọkọ ti lé e jáde ni. Mo fi ohùn tín-ín-rín yẹn kà á, èyí tó ń gbọ̀n níparí. Ó ti gbó, ó ṣì wà níbẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún yín, ẹ̀yin ènìyàn yìí." Mo ka ojú ìwé méjì. Wọ́n di ojú wọn.

Wọ́n ní, "Ohùn tí o fún mi nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dùn." Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a mọ́ aṣọ. "Kì í ṣe tèmi."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti dárí jì mí. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ aago kalẹ̀.

Ní Sátidé, Bùnmi àti awakọ̀ kó ẹrù tán kó tó di ọ̀sán. Mo mú ọṣẹ dúdú àti òrí wá, èyí tó máa tó wọn lò fún ọdún kan. Wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́líìtì ti wà láyà wọn. Zainab ní kí n ya wọ́n ní fọ́tò, ó ti fóònù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Aunty Ìbídùn rí fóònù náà. Wọ́n yí ojú sí mi láti ojú fèrèsé, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, ètè wọn là díẹ̀, wọ́n sé èémí. Ibi tí mo bá tẹ̀ kì í ṣe ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún, awakọ̀ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, wọn kò sì mí, àfi ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tó dún. Wọ́n mí. Ọkọ̀ lọ.

Fọ́tò náà wà lọ́dọ̀ mi. Zainab ti tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọṣẹ. Zainab ní ẹ̀rín ló wà lójú wọn. Obìnrin tó ń lẹ èékánná ní ó dà bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ọkùnrin alátùn-únṣe fóònù ní oòrùn ló wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni mo rò pé Aunty Ìbídùn fẹ́ sọ, torí gbogbo wọn mọ̀ pé n kì í ṣe aláìlọ́rọ̀. Ojú tí mo ti ń kà láti ìgbà ọmọbìnrin ni. Ẹnu wọn là díẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹyin ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò ní fi ohùn mi sí i mọ́.